Àtúnṣe tó sọnù láàárín sáfà méjì: bí a ṣe ń gbà á padà, àti bí a ṣe ń dí ojú ọ̀nà rẹ̀

Òṣìṣẹ́ kan pè yín pé iṣẹ́ tí òun ṣe sínú fáìlì kan lánàá kò sí níbẹ̀ mọ́. Fáìlì wà, orúkọ rẹ̀ kò yí padà, ó sì ń ṣí dáadáa, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní òun tẹ Save. Òótọ́ ló ń sọ. Bí fódà náà bá wà lórí sáfà méjì tí DFS Replication ti Windows Server (DFSR, ètò tó ń ṣe àdàkọ fáìlì láti sáfà kan sí èkejì) so pọ̀, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹlòmíì ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan náà lórí sáfà kejì, DFSR sì mú ọ̀kan nínú ẹ̀dà méjèèjì, ó gbé èkejì sá kúrò lójú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò já, sáfà kò kú. Ohun tí wọ́n ṣe é fún gan-an ló ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má sáré pa service kí ẹ tún un tan, kí ẹ má sì tíì yọ sáfà kankan kúrò nínú ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn sáfà tó jọ ń ṣe àdàkọ fódà náà. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ yẹn ṣì lè wà lórí dísìkì níbi tí ojú kò tó. Ẹ gbà á sílẹ̀ ná. Ìwádìí lè dúró di ẹ̀yìn wákàtí kan. Fáìlì yẹn lè má lè dúró.

Àwọn àṣẹ PowerShell tó wà nísàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti Windows Server 2012 R2 sókè, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní agbára alábòójútó lórí sáfà méjèèjì. Nínú àpẹẹrẹ mi, orúkọ àwọn sáfà ni SAFA1 àti SAFA2, orúkọ ẹgbẹ́ ni Egbe-Iwe, fódà tí wọ́n jọ ń pín ni Iwe, ó sì wà ní D:\Iwe lórí àwọn méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gba ẹ̀dà tó fìdí rẹmi sílẹ̀

Nígbà tí ẹ̀dà fáìlì kan bá forí gbárí, òfin DFSR ni pé ẹni tó kọ nǹkan sí i gbẹ̀yìn ló borí. Ẹ̀dà tó fìdí rẹmi kì í parẹ́ lójú ẹsẹ̀. Sáfà á gbé e lọ sínú fódà tó ń jẹ́ ConflictAndDeleted, tó wà nínú DfsrPrivate, lábẹ́ fódà tí ẹ ń pín. Wọ́n fi DfsrPrivate pa mọ́, nítorí náà ẹ kò ní í rí i bí ẹ bá kàn ṣí D:\Iwe. Orúkọ fáìlì náà á ti yí padà pẹ̀lú: wọ́n á ti so àmì gígùn kan mọ́ ọn kí ó má baà jọ òmíràn. Orúkọ rẹ̀ àtijọ́ àti ibi tó ti wá wà nínú fáìlì ConflictAndDeletedManifest.xml.

Ohun méjì wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ títí ẹ̀pa ò fi ní í bóró mọ́. Àkọ́kọ́ ni pé sáfà kọ̀ọ̀kan ló ní ConflictAndDeleted tirẹ̀, DFSR kì í sì í ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ sórí èkejì. Ẹ wo orí sáfà méjèèjì, bó tilẹ̀ dá yín lójú ibi tí òṣìṣẹ́ náà jókòó sí. Èkejì ni pé ààyè rẹ̀ ní òdiwọ̀n. 4096 MB ni wọ́n fi sí i látilẹ̀wá. Tó bá ti kún dé ìdá 90 nínú 100, sáfà á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ títí tó fi máa sọ̀kalẹ̀ dé 60. Fáìlì tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn pa rẹ́ náà máa ń wọ ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá pa fódà fídíò ńlá rẹ́ lọ́sàn-án yìí, ó lè lé iṣẹ́ tí ẹ ń wá jáde.

Torí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fẹ ààyè náà, bí dísìkì bá gbà á:

Set-DfsrMembership -GroupName "Egbe-Iwe" -FolderName "Iwe" -ComputerName "SAFA1" -ConflictAndDeletedQuotaInMB 20480 -Force

Ẹ tún un ṣe fún SAFA2. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí sáfà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ `dfsrdiag pollad`, kó lè lọ mú ètò tuntun náà ní Active Directory lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ dípò kó máa dúró de àsìkò tirẹ̀.

Ní báyìí, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀:

Get-DfsrPreservedFiles -Path "D:\Iwe\DfsrPrivate\ConflictAndDeletedManifest.xml"

Bí ẹ bá rí orúkọ fáìlì náà, ẹ ṣẹ̀dá fódà kan sí ibòmíràn, kì í ṣe inú D:\Iwe, kí ẹ rí i dájú pé ààyè wà níbẹ̀ dáadáa, torí gbogbo fáìlì tó wà nínú àkójọ náà ni yóò jáde, ẹ̀dà tó kẹ́yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

Restore-DfsrPreservedFiles -Path "D:\Iwe\DfsrPrivate\ConflictAndDeletedManifest.xml" -RestoreToPath "E:\Igbala" -CopyFiles

Ẹ má gbàgbé `-CopyFiles`. Bí kò bá sí níbẹ̀, ńṣe ni àṣẹ náà á kó àwọn fáìlì kúrò ní ibi tí wọ́n wà, tí nǹkan bá sì yí yín lọ́wọ́, ẹ kò ní ibi tí ẹ máa padà sí. Ẹ ó rí ọ̀nà kan níbẹ̀ tó ń dá fáìlì padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́ tààrà. Ẹ fi í sílẹ̀. Yóò dá àwọn ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa rẹ́ padà pẹ̀lú, DFSR á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí sáfà kejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ẹ̀dà méjèèjì fún àwọn tó ni iṣẹ́, kí wọ́n jọ pa á pọ̀ fúnra wọn. Ẹ̀dà tó borí kì í ṣe èké, iṣẹ́ ẹlòmíì ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀dà tí ẹ gbà sílẹ̀ bo ti orí sáfà mọ́lẹ̀, ẹlòmíì ni yóò pè yín lọ́la.

Bí fáìlì náà kò bá sí lórí sáfà méjèèjì, ẹ wo fódà PreExisting tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ConflictAndDeleted, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sáfà náà kún ẹgbẹ́ ni. Kò sí níbẹ̀ náà? Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí fódà, kí ẹ lọ sí Properties, kí ẹ wo Previous Versions, bí ẹ bá ti tan Shadow Copies (ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá tí Windows ń tọ́jú) tẹ́lẹ̀. Bákàpù ló kù lẹ́yìn ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ohun tí sáfà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀

Nínú Event Viewer, lábẹ́ Applications and Services Logs, àkọsílẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ DFS Replication. Nọ́ńbà tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni 4412. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ṣe àtúnṣe sí fáìlì kan lórí sáfà tó ju ẹyọ kan lọ, pé a ti yan ọ̀kan, a sì ti gbé èyí tó kù lọ sí ConflictAndDeleted. Ó ń sọ ibi tí fáìlì náà wà tẹ́lẹ̀ àti orúkọ tuntun tí wọ́n fún un.

Get-WinEvent -FilterHashtable @{LogName='DFS Replication'; Id=4412; StartTime=(Get-Date).AddDays(-14)} | Format-List TimeCreated, Message

Ẹ ṣe é lórí SAFA1, kí ẹ ṣe é lórí SAFA2. Lẹ́yìn náà ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn fáìlì náà fi jọra. Tó bá jẹ́ fódà kan ṣoṣo ló ń fa gbogbo wàhálà, ẹ̀ka kan níbi iṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ láti ibi méjì. Tó bá jẹ́ pé gbogbo 4412 wáyé láàárín wákàtí kan ní òru, ẹ wá iṣẹ́ àdáṣe kan, bíi script tàbí bákàpù, tó ń fọwọ́ kan fáìlì lórí sáfà méjèèjì. Bí wọ́n bá sì pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí kò sí ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, sáfà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé lẹ́yìn ìṣubú ni, mo sì máa sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ to ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní wákàtí sí wákàtí

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká mú fáìlì kan, isuna.xlsx, ká sì tẹ̀ lé e.

Ní 9:10, ẹnì kan ṣí i láti orí SAFA1. Excel tì í mọ́ ọn lọ́wọ́, bó ti yẹ. Ní 9:20, ẹlòmíì ṣí i láti orí SAFA2. Kò rí ìkìlọ̀ kankan pé fáìlì wà lọ́wọ́ ẹnì kan, torí títì tí wọ́n ti fáìlì lórí sáfà kan kì í dé orí sáfà kejì. DFSR kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá. Fáìlì kékeré tí Excel fi ń sọ ẹni tó ṣí i, èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ~$, kì í kọjá náà, torí gbogbo orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ~ ni DFSR ń yọ sílẹ̀, pẹ̀lú *.bak àti *.tmp. (Àwọn kan máa ń yọ àsẹ́ (filter) tó ń yọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ kúrò nítorí èyí. Kò wúlò: fáìlì ~$ lè kọjá, títì fúnra rẹ̀ kò ní í kọjá.)

Ní 9:40, ẹni àkọ́kọ́ tẹ Save, ó pa fáìlì dé. Ìgbà tí wọ́n bá pa fáìlì dé ni DFSR tó lè gbé e, kì í gbé fáìlì tó ṣì wà ní ṣíṣí. Ó gbìyànjú láti gbé e dé SAFA2, àmọ́ fáìlì wà ní ṣíṣí níbẹ̀, SAFA2 kò lè gbà á wọlé. Bí èyí bá ń tẹ̀ síwájú, ẹ ó rí nọ́ńbà 4302 nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní 9:55, ẹnì kejì tẹ Save lórí ẹ̀dà tó ti ṣí láti 9:20, tí kò ní iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú, ó pa á dé. Ẹ̀dà méjì ti wà báyìí tí ọ̀kankan kò mọ̀ nípa èkejì. Ti 9:55 ló gbẹ̀yìn, òun ló borí. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹni àkọ́kọ́ di ohun tó wà ní ConflictAndDeleted, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Ẹ kíyè sí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yára kò lè yanjú èyí. Bí àdàkọ bá tilẹ̀ ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àlàfo tó wà láàárín 9:20 àti 9:55 ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ń fa pípàdánù ni pé èèyàn méjì lè kọ̀wé sí fáìlì kan náà ní ibi méjì.

Ẹ ṣe irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí fún fáìlì tiyín: béèrè lọ́wọ́ àwọn tó lò ó, wo aago tó wà lórí 4412, kí ẹ sì wo sáfà tí kọ̀ǹpútà oníkálukú wọn ń bá sọ̀rọ̀. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí fódà náà lórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́, ẹ lọ sí Properties, ẹ wo abala DFS: sáfà tó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ ni wọ́n kọ Active sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó bá àwọn méjì tí wọ́n jókòó ní yàrá kan náà lórí sáfà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo ohun tó ń mú àlàfo náà fẹ̀

Bí àdàkọ bá ti ń falẹ̀, ìforígbárí á máa pọ̀ sí i. Ẹ wo iye fáìlì tó ń dúró de ìrìn, lápá méjèèjì:

Get-DfsrBacklog -GroupName "Egbe-Iwe" -FolderName "Iwe" -SourceComputerName "SAFA1" -DestinationComputerName "SAFA2" -Verbose

Ẹ pààrọ̀ orúkọ méjèèjì kí ẹ tún un tẹ̀. Fáìlì 100 àkọ́kọ́ ni ó máa ń tò jáde, `-Verbose` ló ń sọ àpapọ̀ iye. Bí òǹkà náà bá wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí kò sì dín kù, ohun mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ààyè staging ni èkíní. Ibẹ̀ ni sáfà ti ń di fáìlì kó tó rán an lọ, 4096 MB ni òun náà látilẹ̀wá. Bí 4202 àti 4208 bá ń yọ léraléra, ó ti kéré jù. Ìlànà Microsoft ni pé kó tó gba fáìlì 32 tó tóbi jù lọ nínú fódà náà, ẹ sì lè ṣírò rẹ̀ báyìí:

Get-ChildItem D:\Iwe -Recurse -File | Sort-Object Length -Descending | Select-Object -First 32 | Measure-Object Length -Sum

Èsì náà jẹ́ byte. Ẹ fi 1MB pín in, kí ẹ fi iye tó jáde sí `-StagingPathQuotaInMB` nínú Set-DfsrMembership.

Èkejì ni àkókò. Ẹlòmíì ti ṣètò pé òru nìkan ni kí àdàkọ máa lọ, kó má baà gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́sàn-án. Òye yé mi, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan ni àlàfo yín. Ẹ jẹ́ kó máa lọ tọ̀sán tòru, kí ẹ dín ìwọ̀n nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lò lọ́sàn-án kù dípò kí ẹ dá a dúró.

Ẹ̀kẹta ni fáìlì tí kì í kọjá rárá. Àwọn ètò kan máa ń fi àmì Temporary sára fáìlì tí wọ́n bá ṣe, DFSR kì í sì í gbé irú rẹ̀. Ẹni tó wà lápá kejì á máa rí ẹ̀dà àtijọ́, tàbí kó má rí nǹkan kan:

Get-ChildItem D:\Iwe -Recurse -File | Where-Object { $_.Attributes -band [IO.FileAttributes]::Temporary }

Ẹ wo aago náà. Aago ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó kọ̀wé gbẹ̀yìn, nítorí náà sáfà tí aago rẹ̀ ń sáré lè máa borí níbi tí kò yẹ kó ti borí. Láti SAFA1, ẹ tẹ `w32tm /stripchart /computer:SAFA2 /samples:5 /dataonly`. Ìyàtọ̀ tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ẹ tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sáfà tó ṣubú, àti sáfà tó pẹ́ kó tó padà

Nọ́ńbà 2213 túmọ̀ sí pé sáfà kú lójijì, iná lọ bóyá, DFSR sì ti dá àdàkọ dúró lórí dísìkì náà títí ẹ fi máa ní kó máa lọ. Àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀ wà nínú ìkìlọ̀ náà, ọ̀pọ̀ á sì dà á kọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka ìlà tó wà lókè rẹ̀ ná: ó ní kí ẹ ṣe bákàpù gbogbo fódà tí ẹ ń pín lórí dísìkì náà kí ẹ tó tẹ àṣẹ yẹn, torí fáìlì lè sọnù nínú ìforígbárí nígbà tó bá ń gbé ara rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà yẹn fún ọjọ́ mélòó kan tí iṣẹ́ wọn kò sì lọ síbì kankan. Ẹ fi robocopy kó D:\Iwe sí ibòmíràn, ẹ yọ DfsrPrivate sílẹ̀ pẹ̀lú /XD, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ àṣẹ náà. Tí ẹ bá rí 2214, ó ti parí.

Nọ́ńbà 4012 le jù ú lọ. Sáfà náà kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ tó ju 60 lọ, DFSR sì kọ̀ láti gbà á padà kó má baà fi ohun àtijọ́ bo tuntun mọ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé 60 yẹn sókè kí ìkìlọ̀ lè lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ kó ohun tó wà lórí sáfà náà pa mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, kí ẹ tún un fi kún un bíi tuntun.

Nígbà tí ẹ bá ń fi sáfà kún ẹgbẹ́ tuntun, sáfà tí ẹ bá yàn ní Primary ló ń borí ní ìbẹ̀rẹ̀, láìka ọjọ́ tí wọ́n kọ fáìlì sí. Fáìlì tó bá yàtọ̀ lórí àwọn tó kù á lọ sí ConflictAndDeleted. Èyí tí kò bá sí lórí Primary rárá á lọ sí PreExisting. Bí ẹ bá yan èyí tí ohun orí rẹ̀ ti gbó, iṣẹ́ tuntun gbogbo ló máa fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jẹ́ kí ibi ìkọ̀wé jẹ́ ẹyọ kan

Èyí ni àtúnṣe tòótọ́, àwọn tó kù ń dín wàhálà kù lásán ni. Ẹ yan sáfà kan fún fódà kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn máa kọ̀wé síbẹ̀, kí èkejì dúró fún ìgbà tí èyí bá ṣubú. Bí ẹ bá ń lo DFS Namespaces (ètò tó ń fún fódà ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, tó sì ń darí òṣìṣẹ́ lọ sí sáfà), ẹ pa ojú ọ̀nà SAFA2:

Set-DfsnFolderTarget -Path "\\ilana.local\gbogbo\Iwe" -TargetPath "\\SAFA2\Iwe" -State Offline

Àdàkọ á ṣì máa lọ. Òṣìṣẹ́ nìkan ni kò ní í rí ọ̀nà débẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ lè ṣì máa rántí SAFA2 fún ìṣẹ́jú àáyá 1800, tó jẹ́ ààbọ̀ wákàtí, nítorí náà ẹ ṣe é nígbà tí iṣẹ́ ti tán. Ẹ wá àwọn tó fi \\SAFA2\Iwe tààrà ṣe ojú ọ̀nà lórí kọ̀ǹpútà wọn pẹ̀lú, torí Namespaces kò lè dá wọn dúró.

Tó bá jẹ́ pé ibi kan kàn nílò láti máa ka fáìlì ni, ẹ sọ ẹ̀dà tibẹ̀ di èyí tí a kì í kọ̀wé sí: `-ReadOnly $true` nínú Set-DfsrMembership. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ rí i pé backlog (iye fáìlì tó ń dúró de ìrìn) láti ibẹ̀ lọ sí èkejì ti di 0, kí iṣẹ́ kankan má baà há síbẹ̀.

Bí ibi méjèèjì bá sì gbọ́dọ̀ máa kọ̀wé sí fáìlì kan náà lọ́jọ́ kan náà, DFSR kọ́ ni irinṣẹ́ tó yẹ yín. Ẹ gbé àwọn fáìlì yẹn nìkan lọ síbi tí èèyàn méjì ti lè jọ ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan, bíi SharePoint, kí ẹ fi DFSR sílẹ̀ fún àwọn tó kù.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti parí. Ẹ ṣe fáìlì idanwo.xlsx, kí ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà méjì ní ibi iṣẹ́ méjèèjì nípasẹ̀ ojú ọ̀nà Namespaces. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ rí ìkìlọ̀ pé fáìlì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Bí kò bá rí i, ẹ padà lọ wo abala DFS lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àṣẹ Get-WinEvent ti 4412 lórí sáfà méjèèjì láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ má sì dá ààyè ConflictAndDeleted padà sí 4096 MB kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé.